Ibi tí Òkúta Bá Lọ ni Bàálù Ń Lọ

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kọkànlá, 1998

Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí, olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, ní kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọwọ́ wa má baà le. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ewúrẹ́ ń bímọ. Ó ní ọjọ́ tó bá bí ni kí n kọ. Ó bí lónìí.

Tẹniọlá, ọmọ ọmọ mi, dé láti Àkúrẹ́ nígbà tí a ń jáde ní Máàsì. Ṣòkòtò ló wọ̀, ó gbé àpótí lọ́wọ́, gbogbo Ìgbẹmọ sì dúró wò ó. Mo rọra ń rìn kí wọ́n lè rí i dáadáa pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ni, òun nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ wọn.

Iṣẹ́ tó gbé e wá kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rín. Nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, bàálù kékeré tó máa ń gbé dókítà àti oògùn wá fún ilé ìwòsàn àwọn Fadá dé orí ìlú wa, kò rí ilẹ̀. A ń gbọ́ ọ lókè, ó ń kùn bí oyin inú akèǹgbè. Ẹ̀jẹ̀ tí Ṣadé ìyàwó aláṣọ nílò lórí ìkúnlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó yípo, ó yípo, ó padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ń wá pósí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún létí mi: a gbọ́ ìró ìwòsàn lókè orí wa, kò ríbi sọ̀.

Tẹniọlá ní ti ọdún yìí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àmín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ri òkúta sìmẹ́ǹtì kan mọ́lẹ̀ ní oko wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bàálù, láàárín pèrègún méjì tí baba ọkọ mi gbìn. Kò ga ju orúnkún lọ. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Mo bi Tẹniọlá pé kí ni òkúta fẹ́ bá bàálù sọ.

"Màmá, sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí bàálù wà fún un látojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni ín mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ díẹ̀ sí i nítorí àwọn ọ̀tá wọn. Irọ́ yẹn tó láti gbé bàálù kúrò lójú pápá sọ sínú igbó."

"Ta ni yóò wá tú irọ́ ará Amẹ́ríkà?"

"Òkúta yín yìí ni. Mo máa wọn ibi tó wà dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Bí bàálù bá ń bọ̀, a ó gbé ẹ̀rọ lé e lórí. Bí sátẹ́láìtì bá sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé ibòmíràn ló wà, á mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó mọ ibi tó jókòó sí. Á wá sọ fún ẹ̀rọ inú bàálù pé báyìí ni irọ́ tòní ṣe pọ̀ tó, kó yọ ọ́ kúrò."

Mo ní, "Bí òkúta náà bá wá ṣípò ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí òkúta bá lọ ni bàálù náà máa lọ. Ṣùgbọ́n òkúta kì í rìn, Màmá."

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kọkànlá

Mo fi ojú ara mi rí ìtìjú lónìí. Ìrì ń sẹ̀, ẹ̀rọ Tẹniọlá sì wà lórí òkúta, orí rẹ̀ funfun bí ọmọrí ìkòkò. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi bàsíà irin tí mo fi ń rẹ ìrẹsì dé e bí ẹni dé ọbẹ̀. Tẹniọlá sáré dé, ó ń kígbe.

"Màmá! Ojú ọ̀run ló fi ń gbọ́ràn! Ẹ ti di í létí!"

Ó ní bó bá jẹ́ pé bàálù ń bọ̀ ni, ẹ̀rọ á dákẹ́, òfin wọn sì ni pé bí ẹ̀rọ ilẹ̀ bá dákẹ́, bàálù kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ mọ́, ó gbọdọ̀ gòkè padà. Ó bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà. Gbogbo wa ló rẹ́rìn-ín àfi Bàbá Kékeré.

Bàbá Kékeré ni àbúrò ọkọ mi, Ọlálérè, òun sì ni olórí ẹbí báyìí. Ó kàn ń wo òkúta náà bí ẹni ń wo ejò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kọkànlá

Tẹniọlá parí ìwọ̀n, ó ti padà sí Àkúrẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Kékeré wá jókòó síwájú ilé mi.

"Ìyàwó."

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo wọ ilé yìí, mo ti sin ọkọ, mo ti rí ọmọ ọmọ. Ìyàwó ni mo ṣì jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀, ǹjẹ́ o ti rí ibi tí sọ́fíyọ̀ ri òkúta mọ́ tí ìjọba kò tẹ̀ lé e? Wo ọ̀nà Adó. Wo ti Ìyìn. Òkúta lónìí, katapílà lọ́la."

Mo ní, "Ọmọ wa ló rì í, Bàbá Kékeré. Òkúta bàálù ni, kì í ṣe ti ààlà."

"Òkúta kì í mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an."

Ó dìde lọ. Kò mu omi tí mo gbé fún un.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ètè mi ti là. Igo kẹrosíìnì kan ti gbówó lórí, kò sì sí pẹtiróò ní Adó. Ajá Mosúnmọ́lá, ìyàwó Bàbá Kékeré, ń hu sí apá oko láti ìjẹta. Wọ́n ní ikún ló ń rí.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kejìlá

Mo ti oko bọ̀, mo jókòó lórí òkúta funfun láti sinmi. Páànù ilé ìjọsìn wa ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Ó yà mí lẹ́nu, torí láti ibẹ̀ n kì í rí i. Àwọn ọ̀pẹ etí odò ló máa ń bò ó. Jígí ojú tí wọ́n fún wa ní kíláàsì àgbà ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ṣàdúrà fún Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí níbẹ̀.

Àwọn pèrègún méjèèjì ti sorí kọ́. Ọyẹ́ ọdún yìí le.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kejìlá

Bàbá Kékeré fi iṣu ńláńlá ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kì í ṣe ọjọ́ òkú. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì sè é.

Kérésìmesì

Ọyẹ́ bo ìlú bí eérú. Fadá ń ka ìwé mímọ́, a kò rí ojú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ti fi owó lé pẹtiróò, lítà kan di náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kìíní, 1999

Ìwé Tẹniọlá dé, mo kà á fúnra mi, n kò wá ẹnikẹ́ni láti bá mi kà á. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dán an wò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìgbà tí ọyẹ́ le jù, torí ìgbà yẹn gan-an ni àìsàn kì í dúró de ojú ọjọ́. Kápútéènì Adéyẹyè ni yóò wa bàálù láti Ìbàdàn. Tẹniọlá fúnra rẹ̀ yóò jókòó tì í, yóò máa wo ẹ̀rọ. Olúgbénga, òṣìṣẹ́ wọn kan, ni yóò gbé ẹ̀rọ ilẹ̀ wá lé orí òkúta.

Ó ní kí n se ìrẹsì Ìgbẹmọ dè é, kí n má fi bàsíà dé nǹkan kan.

Inú mi dùn. Kí ló wá dé tí ara mi kò balẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kìíní

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo lọ ṣa èkùrọ́ ní etí odò. Kò sí ọ̀pẹ kankan tí wọ́n gé. Gbogbo wọn dúró bí wọ́n ṣe wà. Mo wò wọ́n, mo rántí páànù ilé ìjọsìn tí mo rí, mo sì bọ́ jígí ojú mi, mo nù ún. Lẹ́yìn náà mo rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ri òkúta ní oṣù Kọkànlá. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ igi obì ọkọ mi ni. Kò sí òkúta níbẹ̀. Ewé gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Mo fi ọ̀pá gbá a, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti fa pèrègún tu kò tíì dí. Obì tí wọ́n là wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, mẹ́rin ló là sí. Wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó hú u.

Òkúta ti kúrò lóko wa, ó ti lọ dúró ní etí pápá bàálù, òun àti pèrègún rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni a bí wọn sí. Ọ̀dà rẹ̀ kò tilẹ̀ bó. Wọ́n gbé e bí ẹni gbé ẹyin.

Mo wá wo iwájú. Bí bàálù bá kúrò lójú pápá, tó sún sí ìhà tí òkúta sún sí, ní ìwọ̀n tí òkúta fi sún, Àpáta Àṣá ló wà níbẹ̀, tòun ti ọ̀pẹ orí rẹ̀.

Ibi tí òkúta bá lọ. Ẹnu ọmọ mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kìíní

Gbogbo ìlú lọ dìbò. Èmi lọ bá Bàbá Kékeré. Mo kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé òkúta yẹn padà."

Kò díbọ́n rárá. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ilẹ̀ ló sọ fún mi. Tẹniọlá wà nínú bàálù náà o. Ibi tí òkúta wà ni bàálù ń tẹ̀ lé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sátẹ́láìtì wà lójú ọ̀run, bàálù wà nínú afẹ́fẹ́, òkúta wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ìwé tí o ń kà lọ́jọ́ alẹ́ yìí ti ń yí ọ lórí, Ìyàwó. Mo sún òkúta ìjọba kúrò lórí obì ẹ̀gbọ́n mi. Ọpẹ́ ló yẹ kí o dú."

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Iṣu atẹnumọ́rọ̀ kì í jóná, ṣùgbọ́n tèmi jóná lójú mi. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Obìnrin ilé kì í sọ̀rọ̀ ààlà. O bá a báyìí, ìyá mi bá a báyìí. Bí ìjọba bá gbọ́ pé a hú òkúta, ẹ̀wọ̀n ni, ilẹ̀ náà á sì tún lọ. Àyè kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọkọ rẹ, àbí? Ṣé o ṣì fẹ́ kí a sin ọ́ síbẹ̀?"

Mo dìde. Mosúnmọ́lá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wò mí, ó gbójú sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kìíní

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Adó. Àádọ́ta náírà tẹ́lẹ̀, ọgọ́rùn-ún ló gbà, ó ní kí n lọ bi pẹtiróò. Ní ilé tẹlifóònù, mo tò títí, wáyà Àkúrẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó gbé e ní Tẹniọlá ti lọ sí Ìbàdàn láti àná, wọ́n ń fi ẹ̀rọ sínú bàálù. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé òkúta ti rìn.

Ó ní, "Kí ló rìn, Màmá?"

Wáyà já. N kò rí i pè mọ́ títí ilé tẹlifóònù fi ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kìíní

Olúgbénga dé pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ọkùnrin oníkùn ni, ó ní ọ̀wọ̀. Kò dé ibí rí, kò mọ ibi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀. Mo pè é sẹ́yìn ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pe Bàbá Kékeré láti bi í, ó rò pé bí ó ti tọ́ ni.

Bàbá Kékeré kó àwọn àgbà ẹbí wá. Olúkúlùkù wọn sọ pé òkúta kò kúrò níbi tí wọ́n rì í sí. Wọ́n ní ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi obì, iṣu ni àwọn hú níbẹ̀; wọ́n ní ọjọ́ orí mi ni, kó fojú fò ó.

Olúgbénga ń nu òógùn. "Màmá, irọ́ tí sátẹ́láìtì ń pa lójúmọ́ jìnnà tó ibi tí ẹ sọ pé wọ́n gbé e dé. Kí n kàn gbé ẹ̀rọ lé e kò lè fi hàn mí pé ó ti ṣípò. Olórí ẹbí ní kò kúrò, gbogbo àgbà ní kò kúrò. Ta ni kí n gbọ́?"

Mo ní, "Sọ fún Tẹniọlá ní rédíò pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Rédíò ọwọ́ mi kò dé Ìbàdàn, Màmá. Àfi bí wọ́n bá ti dé orí wa."

Bàbá Kékeré ní, "Tí wọ́n bá dé orí wa, a ó fi ìrẹsì kí wọn. Ìyàwó wa mọ ìrẹsì sè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ká.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kìíní

Kí ẹni tó bá ka èyí má bínú sí ìkọ̀wé mi lónìí.

Láti àárọ̀ a kò rí Àpáta Àṣá. Ọyẹ́ gbé e mì. Olúgbénga gbé ẹ̀rọ sórí òkúta. Àwọn ọkùnrin ẹbí dúró yí i ká bí ẹni ń ṣọ́ ọkà. Mo ru ìrẹsì sísè nínú bàsíà irin, Mosúnmọ́lá ru ọbẹ̀. Ẹnì kankan kò dí mi lọ́wọ́. Obìnrin tó ru oúnjẹ ni wọ́n rí.

Ìró náà bẹ̀rẹ̀. Oyin inú akèǹgbè. Mo sún mọ́ Olúgbénga, mo ní kó sọ̀rọ̀ sí rédíò báyìí. Ó gbé e sẹ́nu, Bàbá Kékeré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O fẹ́ dẹ́rù ba ẹni tó ń wa bàálù lọ́wọ́? Nítorí àlá arúgbó?"

Olúgbénga dúró, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ohùn ọkùnrin kan jáde nínú rédíò, Kápútéènì ni: "A ti gbọ́ ẹ̀rọ ilẹ̀. Ó dára. A ń sọ̀kalẹ̀." Mo sì gbọ́ ohùn Tẹniọlá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka nǹkan jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tó wà ní kékeré.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ní obìnrin ilé kì í sọ̀rọ̀ ààlà. N kò sọ̀rọ̀. Mo da gbogbo ìrẹsì náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo yí bàsíà dé, mo fi bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ lórí òkúta, mo sì dọ̀bálẹ̀ lé e bí adìyẹ lé ẹyin.

Wọ́n kígbe. Ọwọ́ kan fà mí ní aṣọ, òmíràn fà mí léjìká. Mo rò pé wọn ó fà mí kúrò. Nígbà náà ni nǹkan wúwo bọ́ lé mi lẹ́yìn. Mosúnmọ́lá ni. Ó ti sọ ọbẹ̀ nù, ó di èmi àti bàsíà àti òkúta mọ́ra pọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Mosúnmọ́lá! Ṣé orí rẹ pé?"

Ó tún rọ̀ mọ́ wa sí i.

Rédíò ní, "Ẹ̀rọ ilẹ̀ ti dákẹ́. A ń gòkè. A ń gòkè!"

Ìró bàálù wá kún gbogbo ayé. Kì í ṣe orí pápá ló ti ń bọ̀. Apá Àpáta Àṣá ló wà, ó wà nísàlẹ̀ gan-an, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n mú. Mo gbọ́ kiní kan tó ṣẹ́, ràkà. Lẹ́yìn náà ìró náà ń gòkè, ó ń jìnnà, a kò gbọ́ ọ mọ́. Olúgbénga ń pè wọ́n ní rédíò. Wọn kò dáhùn.

Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ti kọjú sí apá àpáta. Wọ́n mọ ibi tí ìró náà ti wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kìíní

Kò sí ìròyìn. Ẹnikẹ́ni kò kí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kìíní

Ó dé! Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Mo di í mú, n kò fi í sílẹ̀ títí ó fi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n mí."

Àkúrẹ́ ni bàálù náà lọ sọ̀ sí. Tẹniọlá bọ́ sí àgbàlá, ó sì mú imọ̀ ọ̀pẹ kan jáde nínú àpò, ó gbẹ, ó ya. Ó ní inú táyà bàálù ni wọ́n ti fà á yọ.

Ó ní, "Kò sí ọ̀pẹ lójú pápá, Màmá. Kò sí ọ̀kan."

Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Tẹniọlá dọ̀bálẹ̀ kí i bí ọkùnrin, ó sì gbé imọ̀ ọ̀pẹ náà síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Kékeré wò ó pẹ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kìíní

Wọ́n ti gbé òkúta padà sí ẹ̀gbẹ́ igi obì. Àwọn ọkùnrin ẹbí fúnra wọn ló gbé e. Tẹniọlá tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì fi ẹjọ́ sùn níbì kankan. Ó ní ọmọ ilé lòun náà.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kìíní

Bàálù sọ̀ nínú ọyẹ́! A kò rí i títí ó fi kan ilẹ̀, àárín pápá gan-an. Mo sunkún nítorí Ṣadé.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejì

Nígbà tí a ń bọ̀ láti Máàsì, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Kékeré.

Ó ní, "Felisia, ẹ káàárọ̀."

Orúkọ ìsàmì mi ló pè. Ó tún fi ẹ̀yin kí mi bí àlejò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró, mo retí kó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ìdí sàréè ọkọ mi. Wọ́n ti gbin pèrègún tuntun, wọ́n tò ó tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni ń pa ààlà ní àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi tí wọ́n bu sí i ṣì tutù. Ọ̀kan ti ń yọ ewé.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú mi. Lẹ́yìn náà mo ránṣẹ́ pe Tẹniọlá.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kejì

Tẹniọlá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn pèrègún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Gbogbo agbo ilé ń yọjú, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn. Mosúnmọ́lá nìkan ló gbé omi wá, ó jókòó tì mí lórí ẹní, a ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. N kò fi bàsíà dé e. Mo jẹ́ kó gbọ́ràn dáadáa.

Nígbà tó parí, ọmọ mi pe nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka sí àyè mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi fún mi, èmi sì kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé yìí lọ́wọ́ ara mi, n kò ṣi ọ̀kan. Pèrègún lè rìn, òkúta lè rìn, mo ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ sin mí, kó ṣí ẹ̀yìn ìwé, kó wá bi ojú ọ̀run.